Òsì Méjì

Oṣù kọkànlá ni mo rà á,
lórí fóònù, nínú bọ́ọ̀sì, lójú pópó Ellice,
mò ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, oorun ń gbé mi lójú.
Bàtà yìnyín fún Fọlárìn, ọmọ ọdún mẹ́fà,
aláwọ̀ ewé, onírun nínú,
dọ́là mọ́kàndínláàádọ́rin.

Ọjọ́ kejìlá ni páálí dé.
Ọmọ ò dúró de ọ̀bẹ, eyín ló fi fa téèpù ya.
Ó ki ẹsẹ̀ òsì bọ̀ ọ́, ó ṣe rẹ́gí.
Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ èkejì, ó ní,
"Màámi, bàtà yìí ń wo ibòmíràn."
Mo gbé e síbi iná, mo yẹ̀ ẹ́ wò.
Òsì ni.
Èkejì rẹ̀ náà, òsì.

Mo kọ̀wé sí wọn. Mo kọ́kọ́ kí wọn kú iṣẹ́,
nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn:
bí èèyàn jẹ ọ́ lówó pàápàá, kí i ná.
Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Brandi fèsì:
"A dúpẹ́ pé ẹ yàn wá. Ọjà ẹ̀dínwó kì í padà."
Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, bàtà méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
wọ́n kọrí síbì kan náà
bí àgùntàn méjì tó gbọ́ ariwo.
Brandi ní, "Ẹ ti ṣí páálí."
Ta ló ń fi ojú rí inú páálí tí kò ṣí?
Mo bi í léèrè. Kò dáhùn ìyẹn.
Ó bu dọ́là márùn-ún kúrò lórí ohun tí mo bá tún rà.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Wọn ò sọ ohun tí à ń fi bàtà òsì méjì ṣe.
Mo fẹ́ẹ̀ gbà fún wọn. Ó rẹ̀ mí.
Òsì ò jìnnà sí òṣì,
ẹ̀kán ìkọ̀wé kan lábẹ́ lẹ́tà ló là wọ́n.

Rosalinda, ọmọ Filipínì, òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa,
ka gbogbo rẹ̀ tán lórí fóònù mi, ó bú sẹ́rìn-ín.
"O ń bẹ̀bẹ̀. Ta ló jẹ ta ní gbèsè?"
Ó ní kí n tẹ àwọn ìwé náà jáde, kí n kọ ọjọ́ sí i lórí,
kí n fún wọn ní ọjọ́ mẹ́wàá péré,
lẹ́yìn náà kí n pe báńkì tó ni káàdì,
kí n má sì jẹ́ kó pẹ́, torí báńkì náà ní gbèdéke.

Lórí tábìlì ìdáná ni mo ti kọ ọ́,
ìwé àkọ́kọ́ láyé mi tí n ò fi kí ènìyàn.
"Ohun tí mo sanwó fún kọ́ lẹ kó fún mi. Ẹ dá owó mi padà."
Ọwọ́ mi gbọ̀n níbi tó yẹ kí n kọ ẹ jọ̀ọ́ sí.

Obìnrin báńkì ní kí n rora sọ ọ́.
Mo ka ọjọ́ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí alájọ ti ń ka ìlà inú káàdì oníbàárà.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀rá búrẹ́dì
ni mo fi ń wé ẹsẹ̀ Fọlárìn nínú bàtà àtijọ́,
kí yìnyín má baà wọlé.
Ó ń dún wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀ bó ṣe ń lọ sílé ìwé.

Inú oṣù kejì lowó wọlé, ó pé.
Mo pariwo ní ibùdókọ̀, ajá ẹnìkan gbó mi.
Àmọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ti kọjá nọ́ńbà yẹn.
Kò sẹ́ni tó béèrè bàtà náà lọ́wọ́ mi.
Ọ̀kan ló ń di ilẹ̀kùn ìdáná mú,
Fọlárìn ń kó òkúta sínú èkejì.

Lánàá ni Brandi tún kọ̀wé:
ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún lẹ máa fún wa?
Mo gbójú sókè nídìí fèrèsé.
Ojú ọ̀run Winnipeg mọ́ kedere lóru yẹn,
ìràwọ̀ pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.
N ò yọ ọ̀kan fún un.