Ẹni Mẹ́ta

Fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ fi kí i.
Mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀
ní Màsífà, ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ọyẹ́ ti sán mi létè,
báírò lọ́wọ́, fáìlì lórí itan:
"Ìyá, ẹni mélòó ní ń gbé inú ilé yìí?"

Ìyá Oyèérìndé kò wojú mi.
"Ẹni mẹ́ta."

Mo wo yàrá. Ẹní kan.
Mo wo Oyèníkẹ̀ẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ya ilẹ̀,
tí kò tíì tẹ ilé-ìwé láti ìparí òjò tó kọjá.
Mo ka abọ́ tó dojú dé lórí pẹpẹ:
mẹ́ta ni lóòótọ́.
Ìkẹta ni kò ní eruku.

Níbi tí wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́ yìí,
wọ́n ní, kọ ohun tí o bá rí.
Mo kọ méjì. Mo pa á rẹ́. Mo kọ mẹ́ta.
Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì Tákíì fi báírò pupa yí i po:
"Ta ni ìkẹta?"

Oyèérìndé ni.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà,
tó ní òun yóò sọdá kí òjò tó dá
nítorí ọ̀gá òun kì í gba àwáwí.
Pákó méjì ni afárá nígbà náà.
Odò tí àgùntàn ń fẹsẹ̀ là kọjá lẹ́ẹ̀rùn,
ọjọ́ tó bá mòjò yó, akọ màlúù ni.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láìmú fáìlì.
Ẹ̀gúsí ló ń bó. Ó ti àtẹ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́,
èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.
Èèpo ń dún pà, pà,
bí ẹni ń ka owó tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ìṣẹ́gun kejì, kò sọ̀rọ̀.
Ìkẹta, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ò yá."
Mo sáré lọ kọ ọ́ sínú ìwé: ó ti sọ̀rọ̀.

Aládùúgbò kan yọrí lórí ògiri:
"Ẹ̀gúsí wo lẹ̀ ń bó tí kì í tán?"
Ó gbé àtẹ tirẹ̀ wá.
Àsúnlé wá, tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Kontagora tí kò ránṣẹ́ sílé mọ́.
Mosúnmọ́lá wá, ìborùn rẹ̀ fa wálẹ̀ bo ojú kan.
Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.
A ò yan alága.
Ẹni tí àwo rẹ̀ bá kọ́kọ́ kún ló ń sọ̀rọ̀,
nígbà mìíràn, ẹkún ló ń fi í sọ.

Ọjọ́ kan ni Ìyá Oyèérìndé gbójú sókè:
"Òjò máa tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ta ló kàn?"
Bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bá obìnrin kọ̀ọ̀kan délé.
Ọkọ gbé e dé ọ̀dọ̀ mọ́gàjí,
mọ́gàjí ní ìjọba ló ni afárá,
ìjọba ní (mo mọ̀, èmi ni mo mú lẹ́tà lọ)
ẹ ní sùúrù.
Sùúrù kì í ṣe pákó,
a kì í tẹ̀ ẹ́ sọdá odò.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá wẹ́dà ló kọ́kọ́ dé.
Ó kó irin sílẹ̀, kò lè wo Ìyá lójú.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí
fi ọ̀kadà gbé sìmẹ́ǹtì, àpò mẹ́rin.
Mosúnmọ́lá ru yẹ̀pẹ̀. Ó ti tú ìborùn, ó fi ṣe òṣùká.
Lọ́jọ́ tó gbẹ,
àgùntàn ló kọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá.

Fọ́ọ̀mù mi ní àyè fún ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe.
Àyè náà kò gùn ju ìka mi lọ.
Kí ni kí n kọ? Pé mo bó ẹ̀gúsí?

Oyèníkẹ̀ẹ́ ti padà sílé-ìwé. Mo kọ ìyẹn.
Abọ́ kẹta ṣì wà lórí pẹpẹ, ó mọ́ tónítóní.
N kò kọ ìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ àná, bí mo ṣe ń dìde,
ó dì mí lọ́rùn ọwọ́ mú:
"O ò tíì sọ fún mi rí.
Ìwọ ńkọ́? Ẹni mélòó ní ń gbé ilé tìrẹ?"

Gbogbo èèpo ẹ̀gúsí tó wà lára aṣọ mi
ni mo ṣà dànù lọ́kọ̀ọ̀kan
kí n tó lè dá a lóhùn.