Ẹni Tó Wá Fọnná

Èmi kì í ṣe oníwàásù.
Ẹ bi wọ́n léèrè ní Òkèlísà,
wọ́n á ní, "Ìyá Fọlákẹ́mi tó ń sá kòkó?
Ẹnu rẹ̀ wúwo bí àpò tí wọn ò tíì wọ̀n."
Òótọ́ ni.
Àwọn tó ní ohùn a gbé gbohùngbohùn jáde ní ìdájí,
ajá a gbó, ọmọ ọwọ́ a ké,
èmi a fa aṣọ borí, ojú a tì mí:
ọdún mọ́kànlá tí Jésù ti rí mi he,
n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ọ̀wàrà,
kòkó tẹ́ lórí sìmẹ́ńtì bí ẹní pupa,
mo ń fẹsẹ̀ yí i, ẹnu mi ń lọ wúyẹ́wúyẹ́.
Bàbá Akínnúsì jókòó ti òṣùwọ̀n,
ẹni tí ọ̀kadà pa ọmọ rẹ̀ lọ́nà Bágbè,
ọmọ tí wọ́n sọ ní Dúrójayé, tí kò dúró.
Láti ìgbà náà, òṣùwọ̀n nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀:
"Ọgọ́ta kílò ó lé mẹ́ta. Ó tó."
Ó parí.

Àfi bí òjò ṣe ṣú dùdù láti ìhà Ìdànrè.
"Tapólì o!" ni mo kígbe.
Bàbá dìde, a dì í mú létí méjèèjì,
a sáré bí ọmọdé tó ń sá fún ìyá rẹ̀,
a bo kòkó, a kó sábẹ́ páànù,
òjò ń rọ̀ bí ẹni ń da ẹ̀wà sínú abọ́ irin.
Ó yíjú sí mi.
"Kí ni ẹ máa ń sọ sétí kòkó?"

Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo há sórí
fọ́n ká bí adìyẹ tí a ṣí àgò lórí rẹ̀.
Ohun tó kù ni òru kan ní wọ́ọ̀dù obìnrin,
iná ti lọ, nọ́ọ̀sì ti sùn sórí tábìlì,
ọmú mi ń sẹ̀ fún ẹni tí kò sí,
mo ní, "Bí O bá wà, jókòó tì mí."
Ó sì jókòó.
N ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo ṣáà mọ̀ pé àga tó wà níbẹ̀ kò ṣófo mọ́.

Bàbá wo òjò. Ó pẹ́ lẹ́nu wíwò ó.
"Ẹni yẹn," ó ní, "ṣé Ó mọ orúkọ Dúrójayé?"
Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n, Bàbá."
Kò wólẹ̀. Kò sọkún. Kò ní kí n gbàdúrà.
Ó fi ìka nu omi lórí òṣùwọ̀n.
Òjò dá, kálukú gba ilé lọ.

Kí ló wá ń ṣe mí tí mo ń rẹ́rìn-ín lójú títì?
Potopoto wọ bàtà mi, mo ń rẹ́rìn-ín.
Mo ra iyọ̀, mo gbàgbé ṣéńjì.
Fọlákẹ́mi ní, "Màmá, ṣé ẹ jẹ tẹ́tẹ́ ni?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé lábà,
bí iná ilé kan bá kú,
ọmọ wọn a gbé àpáàdì wá fọnná lọ́dọ̀ ìyá mi.
Bí a bá pín iṣu, iṣu a dín.
Mo máa ń lóṣòó ti ààrò wa lẹ́yìn tó bá lọ,
kí n lè rí ibi tí wọ́n ti mú lára rẹ̀.
N kì í rí i.
Iná wa a ṣì máa jó,
lódìkejì, èéfín a yọ lórí òrùlé ẹlòmíràn.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ìkòkò bo tèmi mọ́lẹ̀,
mo rò pé mo ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, oòrùn yọ, mo tètè dé.
Ẹnì kan ti ṣí tapólì ṣáájú mi.
Bàbá Akínnúsì ti bọ́ bàtà,
ó ń fẹsẹ̀ yí kòkó díẹ̀díẹ̀,
ẹnu rẹ̀ ń mì.
Mo rọra súnmọ́ ọn.
Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ń dá,
ó ń sọ ọ́ fún Ẹnì kan.