Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Agogo Méje Alẹ́

Ìwé pélébé kan ni nọ́ọ̀sì fi lé mi lọ́wọ́ ní Kemi:
àdírẹ́sì kan, ọjọ́ kan, wákàtí kan.
Kò wàásù. Ó ní, "Tauno, kọfí wà níbẹ̀."
Oṣù méjì gbáko ni ìwé náà fi gbé inú àpò kóòtù mi,
òun àti rìsíìtì ilé ọtí,
wọ́n jọ ń rún, wọ́n jọ ń gbó,
títí n kò fi mọ èyí tó ń pè mí
nínú àwọn méjèèjì.

Katakata tí ń kó yìnyín ni mo ń wà.
Agogo mẹ́ta òru, nígbà tí ìlú bá ń hanrun,
èmi ni mo ń la ọ̀nà fún gbogbo ayé:
ọ̀nà ilé-ìwé, ọ̀nà ilé ìwòsàn,
ọ̀nà ilé ọtí pàápàá, mo là á mọ́ tónítóní.
Ẹnu ọ̀nà ilé tèmi nìkan ni yìnyín dí,
tí Hilkka fi ṣọ́bìrì kó o fún ọdún mọ́kànlá
kó tó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀,
kó tó wá gbé àpótí rẹ̀.

Mo máa ń sọ pé èmi ni mo ń mu ọtí.
Irọ́ ni. Ọtí ló ń mu mí,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń mu kọfí gbígbóná,
ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lára kí n lè tutù
kó tó gbé mi mì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rìn kọjá ẹnu ọ̀nà náà.
Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni, àtẹ̀gùn mẹ́jọ tó sọ̀ kalẹ̀,
gílóòbù kan ṣoṣo tó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn.
Mo kọjá. Mo padà. Mo tún kọjá.
Mo ṣe bí ẹni ń wá ajá tó sọnù.
Mo tilẹ̀ pè é lórúkọ, "Musti! Musti!",
èmi tí n kò lájá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyá arúgbó kan ń ti kẹ̀kẹ́ yìnyín bọ̀,
àpò búrẹ́dì wà lórí ìjókòó rẹ̀.
"Ṣé o ti rí ajá ọ̀hún?" ló wí.
Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.
"Ológbò ni èmi ń wá lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé," ni Sirkka wí.
"Gba búrẹ́dì yìí, bá mi gbé e wọlé."
Ọwọ́ mi kún. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sá.

Ènìyàn mẹ́sàn-án, àga mẹ́wàá.
Bàtà wa tò sẹ́bàá ilẹ̀kùn, yìnyín ń yọ́ lára wọn,
kò sẹ́ni tó lè mọ omi bàtà dókítà
yàtọ̀ sí tẹni tí kò níṣẹ́.
Jouni apẹja sọ pé ọjọ́ mẹ́rin.
Wọ́n mirí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ẹnìkan ń sọ nípa ìyá rẹ̀, ó dákẹ́ láàárín gbólóhùn,
a sì jókòó ti ìdákẹ́jẹ́ náà
bí a ti ń jókòó ti aláìsàn.
Ó kàn mí. Ahọ́n mi wúwo ju katakata lọ.
"Tauno ni mí," mo ní.
Ìyókù há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
"Ó tó bẹ́ẹ̀," ni Sirkka wí. "Jẹ búrẹ́dì."

Ìṣẹ́gun lorúkọ ọjọ́ náà, ẹ má ṣì mí gbọ́:
n kò tíì ṣẹ́gun ohunkóhun.
Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo mu ún dé ìdí ìgò,
mo sùn tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Lóru yìí, yìnyín tún bọ́.
Mo la ọ̀nà ilé-ìwé, mo la ti ilé ìwòsàn,
mo yà sẹ́yìn ilé ìkàwé. Ẹ̀rọ kò lè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.
Mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ṣọ́bìrì gbá àtẹ̀gùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo da yanrìn sí i nítorí ẹsẹ̀ Sirkka.
Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìṣẹ́gun ni.
Bí ẹ bá rí ajá kan tó ń jẹ́ Musti,
ẹ sọ fún un pé mo ti wọlé.