Ẹ̀keje Kò Padà

Èmi Músíbáù, ọlọ́kọ̀ ojú ọ̀sà l'Àjàṣẹ́.
Ọjọ́ Àlàmísì ni ọmọbìnrin kan wọ ọkọ̀ mi,
ó gbé àpótí dání, ó ní kí n wa òun lọ sábẹ́ afárá,
níbi òpó kẹta.
"Ẹja wo lo fẹ́ pa níbẹ̀?"
Ráfíátù rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tó ń dun afárá ni.

Ó fa nǹkan kan yọ bí irun arúgbó,
atẹ́gùn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.
"Dígí ni." Mo ní irọ́ ni. Dígí tó ń ká bí òwú?
Ó ní dígí ni, inú ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà lọ, kì í jò.
Ṣùgbọ́n ní ibì kan tí kò gùn ju èékánná lọ
wọ́n ti kọ ilà sí i nínú.
Abẹ kọ́ ló kọ ọ́, ìmọ́lẹ̀ líle tí ojú ò rí ni,
ilà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àlàfo wọn dọ́gba.
La irun orí ẹ sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà,
ìbú ọ̀kan ò jìnnà sí àlàfo yẹn.

Kò yé mi. Ó nawọ́ sí àkájà bàbá mi,
àwọn igi tí a rì sísàlẹ̀ ọ̀sà kí ẹja lè sá sí.
"Ìgbì ń bọ̀. Ṣé igi kan lè dá a dúró?"
Kò lè ṣe é. Á dá díẹ̀ padà, bí èémí ọmọ tó sùn,
ìyókù á kọjá.
"Bí igi bá wá pọ̀, tí wọ́n tò gẹ́rẹ́gẹ́,
tí ìgbì kan dé tí ìṣísẹ̀ ẹ̀ kan gba àlàfo méjì,
díẹ̀ ti ibí á bá díẹ̀ ti ọ̀hún pàdé, ẹsẹ̀ wọn á ṣọ̀kan,
ìgbì yẹn nìkan ni yóò padà wá bá ẹ.
Àwọn tó kù ti lọ sí Kútọnu."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀:
àwọ̀ púpọ̀ wọlé, àwọ̀ kan padà,
àpótí ẹ̀ sọ ọ́ di òǹkà.
Méjìlá ló wà lórí fọ́nrán kan ṣoṣo,
àlàfo tọ̀hún yàtọ̀ sí tibí,
kálukú ń jẹ́ orúkọ tiẹ̀ bí ọmọ ilé-kéú.

Ó fi àtè tó ń rùn lẹ̀ wọ́n mọ́ ikùn afárá. A dúró.
Kámíọ̀ sìmẹ́ńtì kan gun orí wa.
Afárá nà, èmi ò rí i.
Dígí bá a nà, ilà jìnnà sí ilà,
àwọ̀ tó ń padà yẹ̀ díẹ̀, òǹkà gòkè.
Kámíọ̀ lọ, òǹkà sọ̀ kalẹ̀.
Bàbá mi a máa fi ìka kan sí okùn àwọ̀n lóru,
á ní, ẹja nìyẹn, á ní, ìdọ̀tí ni.
Mo rántí ẹ̀. Mi ò sọ ọ́.

Oòrùn náà ń yí òǹkà, ó ní, ooru lè ṣe bí ẹrù.
Ó wá fi ọ̀kan sílẹ̀ láìlẹ̀, nínú páìpù, ẹrù ò kàn án,
ooru nìkan ni yóò máa rò fún wa,
kí a fi yọ irọ́ oòrùn kúrò lẹ́nu àwọn yòókù.

Lóṣù kẹta, ẹ̀keje nà, kò padà.
Kámíọ̀ ti lọ, ilẹ̀ ti tutù, ó ṣì wà níbi tó nà dé.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó.
Ó tutù. Kò sọ nǹkan kan fún mi.

Wọ́n dí apá kan ọ̀nà. Àwọn onímọ́tò bú Ráfíátù,
ìyàwó mi náà bú u, tòmátì ẹ̀ rà sínú apẹ̀rẹ̀.
Èmi wakọ̀ lọ sídìí àkájà, mo ń ka igi,
mo bá ọ̀kan tó ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà.
Ìgbà wo ló yẹ̀?
Mo tún un rì.