Sípíkà Apá Òsì

Ó tó oṣù mẹ́rin
tí Pijó 504 bàbá mi ti ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀.
Ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ń pariwo lápá ọ̀tún,
apá òsì dákẹ́
bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.
Hilario aládùúgbò wa ní, "Sípíkà ti kú, ẹ ra òmíràn."
Bàbá wakọ̀ dé Azul, ó ra òmíràn, owó gidi.
Òmíràn wọ inú ilẹ̀kùn,
òun náà yadi.

Mo ní, ẹ jẹ́ n wò ó.
Bí a pe ọmọ tí kò jẹ́,
ẹ má tíì ní kò lẹ́nu.
Bóyá ìpè ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé, atẹ́gùn òkè Tandil ń fọ́n eruku sí wa lójú.
Mo tú páálí ilẹ̀kùn. Ike mẹ́ta tó dì í mú ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
(Mo fi wọ́n sápò. Bàbá ò rí i.)
Mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ẹyọ kan péré,
mo fi kan sípíkà lẹ́nu:
*pọ́!*
Mo tún fi kàn án:
*pọ́!*
Òkú kì í fèsì. Èyí ò kú.

Mo fa rédíò jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ìfun aláwọ̀ mèremère,
téèpù ẹni tó ni ọkọ̀ ṣáájú wa
tí oòrùn ti yọ́ di oje dúdú.
Mo gbé wáyà òsì sí ojúlé ọ̀tún,
mo gbé tọ̀tún sí tòsì:
ọ̀tún ṣì ń sọ̀rọ̀, òsì ṣì panu mọ́.
Rédíò, o jàre. Máa lọ ilé.
Ojú ọ̀nà ló kù tí a ó bi léèrè.

Etí tó gbọ́ àlọ ni í gbọ́ àbọ̀;
iná náà ní àlọ, ó ní àbọ̀.
Mo fi mítà wọn wáyà funfun, ó ké.
Mo fi wọn dúdú. Kẹ́kẹ́ pa.
Àlọ wà. Àbọ̀ ti sọnù sọ́nà.

Níbi tí ilẹ̀kùn ti so mọ́ ara ọkọ̀,
rọ́bà kan wà, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Láti ọdún tí wọ́n bí mi ni ilẹ̀kùn yìí ti ń ṣí, tó ń padé,
tí wáyà ń tẹ̀, tó ń nà, tó ń tẹ̀.
Lóde, awọ rẹ̀ ń dán, kò lápá.
Mo là á. Bàbà inú rẹ̀ ti já.

Mo fi òjé jó o pọ̀. Mo kọ́kọ́ so ó lódì:
sípíkà kan ń tì, èkejì ń fà,
ohùn ìsàlẹ̀ sá lọ, bọ́ọ̀lù wá ń dún bí agolo.
Mo tú u, mo tún un so.
Mo yí gbogbo ohùn sí òsì.
Ilẹ̀kùn gbọ̀n!

Bàbá jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń wojú mi.
"Noelia, ṣé o ti tàn án?"
Lẹ́yìn náà ló yí ọrùn, ó yí i gan-an,
títí etí ọ̀tún rẹ̀ fi kọjú sí ilẹ̀kùn
bí ẹni tó ń gbé igbá sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dára."

Ọgbọ̀n ọdún níbi ìfọ́kúta.
Etí òsì ló máa ń kọ sí àdó olóró.
Bàbà ni mo rò pé ó já.

N kò sọ nǹkan kan. Mítà wà lọ́wọ́ mi,
ike mẹ́ta nínú àpò.
Mo rọra yí ohùn padà sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀,
a sì jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe nà wá ní ẹyọ méjì sódo.