Àgbọ̀nrín Èṣí

Oòrùn Sátidé yẹn kò fi ti ẹnikẹ́ni ṣe.
Ó là sórí Olósùnta bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àpáta náà,
Fálúyì sì wọ bàtà tó ti wà lábẹ́ ibùsùn
láti ọjọ́ ìgbéyàwó àbígbẹ̀yìn wa.
Ó ní, "Mọrẹ́nikẹ́, gbé agboòrùn, à ń jáde."
Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rè é tí a ti fẹ́ra,
èmi àti òun kò jọ jáde lọ síbi tí kì í ṣe ìsìnkú.

Mo béèrè ta ló kú.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kú. A fẹ́ lọ wo ẹranko."

A wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó,
eruku pupa gba dídán bàtà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ọmọdébìnrin ẹnu ọ̀nà já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa,
ó yọjú wo ẹ̀yìn wa bóyá ọmọ ilé-ìwé ń bọ̀.
"Ẹ̀yin méjì péré, mà?"
Àwa méjì péré.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdẹ ni mo fẹ́.
Níwájú òòrẹ̀, ó ní, "Ìyẹn, iná lẹ ó kọ́kọ́ fi mú ẹ̀gún rẹ̀ kúrò."
Níwájú ọ̀yà, ó ní, "Ìrù ẹ̀ yẹn, bàbá mi nìkan ló ń jẹ ẹ́."
Níwájú ọ̀bọ, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó wá sọ tirẹ̀ sí mi létí.
Mo ní, "Bàbá Jọláadé, o ti jẹ ìdajì ọgbà yìí tán.
Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ kéré."

Kìnnìún nìkan ni kò rí nǹkan sọ sí.
Ó sùn sábẹ́ páànù kan, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè, ń bọ̀ nílẹ̀,
eṣinṣin mẹ́ta ń ṣèpàdé lórí imú rẹ̀.
"Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"
Ọmọkùnrin tó wọ bàtà rọ́bà gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀.
"Ó ti dàgbà ni, sà.
Èṣí ni ìyàwó rẹ̀ lọ."
Kò sẹ́ni tó fèsì nínú wa.
Agboòrùn tí mo ti dá bo ara mi láti àárọ̀,
mo sún un, mo fi bo òun náà.

Ọ̀dọ̀ àgbọ̀nrín la ti pẹ́ jù.
Abo ni. Ó rìn wá sídìí wáyà láìbẹ̀rù,
ó na imú tútù sí ọwọ́ ọkọ mi
tó ní iyọ̀ ẹ̀pà sísè lára, ó lá a.
Mo ń retí kó sọ bí wọ́n ṣe ń sè é.
Ó dákẹ́.
Ojú ẹran náà dúdú, ó ń dán bí kóró iṣin,
oòrùn wà nínú rẹ̀, àwa náà wà nínú rẹ̀,
a kéré, a dúró sábẹ́ agboòrùn kan.

"N kò mọ̀," ó ní, "n kò mọ̀ pé ó máa ń wo èèyàn.
Kó tó délé wa, ojú rẹ̀ á ti pa dé."

Àgbọ̀nrín èṣí lò ń jẹ lọ́bẹ̀:
láti kékeré ni mo ti ń fi í bú ẹni tí ọ̀rọ̀ ti kọjá lára rẹ̀.
Lọ́sàn-án yẹn ó di orúkọ ẹnìkan.

Ó di ọwọ́ mi mú títí dé ibi tí kẹ̀kẹ́ wà,
itọ́ ẹran àti iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ mi.
N kò fa tèmi yọ.

Lálẹ́, mo gún iyán, mo ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.
Ó ṣí ìkòkò, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dé e padà.
Ó jókòó pẹ́ kó tó bi mí,
jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tọrọ àforíjì:
"Mọrẹ́nikẹ́, ẹja ńkọ́?
A kò rí ẹja kankan níbẹ̀, àbí a rí?"