Omi Gbígbóná Ilé Bóódàn

Aago méjì òru, Wínípẹ̀gì.
Ìta ti dì gbagidi,
ṣùgbọ́n nínú yàrá abẹ́lẹ̀ tí mo ti ń ṣọ́ sáfà,
ooru ń fẹ́ láti ẹ̀yìn irin
bí èémí ẹran tó sáré dé.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni. Ẹ lè fọwọ́ kàn án.
Àmọ́ ẹ̀rọ mọ́kànlá tí kò lára ló ń gbé inú rẹ̀,
olúkúlùkù sì gbà pé òun nìkan ni onílé.
Ọ̀kan ń ṣírò owó oṣù àwọn olùkọ́,
ọ̀kan ń bá aláìsàn mú ọjọ́ tí yóò rí dókítà,
ọ̀kan wà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta rèé,
tí a kò mọ ohun tó ń ṣe,
tí ẹ̀rù sì ń bà wá láti pa.

Ìkeje ló dìde lóru òní.
Yìnyín là ń pè é, torí òun ní í yan ọ̀nà
tí àwọn ọkọ̀ akóyìnyín yóò tọ̀ kílẹ̀ tó mọ́.
Ó gbé agbára, ó gbé ìrántí,
ó nawọ́ gán dísìkì, ó ń kà, ó ń kọ,
àwọn yòókù wá ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Ti dókítà ò lè ṣí ojú ewé kan mọ́.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn
ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.
Ẹ̀rọ kò ní orí tí yóò fi rù ú.
Èmi ni wọn yóò pè láàárọ̀.

Ilé Bóódàn tí mo ń gbé, ní òpópónà Sájẹ́ńtì,
èèyàn mẹ́fà, táǹkì omi gbígbóná kan.
Láníhùn a máa kọrin nínú ìwẹ̀,
orin ìjọ wọn, látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ègbè.
Ẹni kẹfà a fi omi tútù nini ṣan ara.
Ẹni kẹfà yẹn ni mí.
Bóódàn kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Ó kàn fi aago ìdáná kékeré kan
kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ìṣẹ́jú méje.
Bó bá ti dún, jáde,
ì báà jẹ́ pé ọṣẹ ṣì wà létí rẹ.

Mo ṣe bíi Bóódàn.
Mo kọ ọ́ pé: Yìnyín, kóòrù mẹ́rin, kò gbọdọ̀ lé.
Ìrántí, gígà mẹ́jọ, tán.
Ti dókítà lajú. Gbogbo ilé fọkàn balẹ̀.
Mo po tíì.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, Màsẹ́lì pè mí
láti ibùdó àwọn awakọ̀:
"Ogójì ọkọ̀ ló ń jó epo lórí ìdúró,
ọ̀nà tí a máa gbà ò tíì jáde.
Ṣé o ti wo ojú fèrèsé?"

Kò sí fèrèsé níbí.
Mo gun àtẹ̀gùn lọ wò.
Òjò funfun ti bo àwọn mọ́tò dé ojú gíláàsì.

Òdiwọ̀n kò lójú. Èmi ni mo ní.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo pa òfin àkọ́kọ́ rẹ́:
kí kálukú ní ìwọ̀nba
tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀;
èyí tó bá ṣẹ́kù, kí ẹni tó jí jẹ ẹ́;
bí onínǹkan bá ta jí, kí ó dá a padà, wéré.
Owó àwọn olùkọ́ ń sùn dọjọ́bọ̀.
Yìnyín jẹ tirẹ̀, ó jẹ ti tíṣà,
ọ̀nà sì jáde ní aago mẹ́rin ààbọ̀.

Mo délé ní aago mẹ́jọ.
Wọ́n ti jáde lọ síṣẹ́ tán, táǹkì kún.
Mo yí aago ìdáná sí méje.
Ó dún.
Mo tẹ́tí sílé: kò sí ìró ẹsẹ̀ kankan.
Mo nawọ́ olómi jáde,
mo tún un yí.